Ìbéèrè Tó Gbé Ọ̀gá Padà Sínú Kíláàsì

Nígbà tí Clayton Christensen padà sí Harvard ní ìparí àwọn ọdún 1980 láti lọ kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣàkóso okòwò, oyè tí a mọ̀ sí DBA, ọjọ́ orí rẹ̀ ti ń sún mọ́ ogójì ọdún. Ó ti kàwé ní Oxford, ó ti gba MBA ní Harvard kan náà lọ́dún 1979, ó ti ṣiṣẹ́ agbaninímọ̀ràn fáwọn ilé-iṣẹ́ ní Boston, òun àtàwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti MIT sì ti jọ dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1984. Ó níyàwó, ó bímọ. Ó ti wà níbi tí wọ́n ti ń pinnu ẹni tí wọ́n á gbà síṣẹ́, ohun tí wọ́n á náwó lé lórí, àti iṣẹ́ tí wọ́n á pa tì. Ẹni tó bá ti dé irú ipò bẹ́ẹ̀, ohun tí ayé ń retí lọ́dọ̀ rẹ̀ ni pé kó máa kọ́ ẹlòmíì. Òun lọ jókòó síwájú àwọn tí yóò máa bi í pé: báwo lo ṣe mọ̀?

Inú ìbéèrè kúkúrú yìí ni mo ti rí ẹwà DBA. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kì í sábà rí ẹni bi í bẹ́ẹ̀. Bó bá ti lanu sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé, àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ á ti máa kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á ní "bẹ́ẹ̀ ni, sà". Ohun tójú rẹ̀ ti rí láti ọdún gbọọrọ ló fi ń pinnu, ìpinnu náà sì lè dára, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa bi í bóyá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ nìkan lọ̀rọ̀ náà ti rí bẹ́ẹ̀ tàbí bó ṣe rí níbi gbogbo nìyẹn. Nínú kíláàsì DBA, ipò rẹ̀ kò lè gbà á sílẹ̀. Bó bá ní àwọn oníbàárà fẹ́ràn ọjà òun, wọ́n á bi í pé oníbàárà mélòó? Ta ló fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò? Ṣé kì í ṣe ẹni tó ń tajà fún wọn náà ni? Kí àgbà èèyàn tó ti lóókọ gba irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ mọ́ra láìbínú, kó sì padà lọ wá ìdáhùn tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ohun iyì gidi ni lójú mi.

Bí ẹ̀kọ́ náà ṣe ń lọ kò ṣòro ṣàlàyé. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ́kọ́ kọ́ iṣẹ́ ìwádìí: bí a ṣe ń gbé ìbéèrè kalẹ̀, bí a ṣe ń fọ̀rọ̀ wá èèyàn lẹ́nu wò láìfi ìdáhùn sí i lẹ́nu, bí a ṣe ń to dátà, bí a ṣe ń yẹ ohun táwọn tó ṣáájú ti kọ wò. Lẹ́yìn náà ni yóò dojú kọ àpilẹ̀kọ tirẹ̀ lábẹ́ alámòójútó, yóò sì gbèjà rẹ̀ níwájú àwọn olùdánwò. Ọ̀mọ̀wé ni ẹni tó gba PhD, ọ̀mọ̀wé náà ni ẹni tó gba DBA. Àwọn méjèèjì ló gbọ́dọ̀ fi nǹkan tuntun kún ìmọ̀. Ibi tí ìbéèrè ti ń wá ló sábà máa ń yàtọ̀. Oní-PhD sábà máa ń rí tirẹ̀ nínú ìwé, níbi táwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé lórí. Oní-DBA ń gbé tirẹ̀ bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Harvard, tó dá ilé-ẹ̀kọ́ okòwò sílẹ̀ lọ́dún 1908, bẹ̀rẹ̀ sí í fúnni ní oyè yìí ní àwọn ọdún 1920. Ní ti Harvard, èèyàn ní láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó tó lè ṣe é, ọ̀pọ̀ àwọn tó gbà á níbẹ̀ ló sì di olùkọ́ yunifásítì. Èyí tí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ lè máa ṣe lálẹ́ àti ní òpin ọ̀sẹ̀, láìkúrò lẹ́nu iṣẹ́, gbilẹ̀ ní Bìrìtéènì láti àwọn ọdún 1990, ó sì ti tàn ká ayé. Harvard fúnra rẹ̀ ti fi PhD rọ́pò DBA ní nǹkan bí ọdún 2018. Síbẹ̀, Christensen ni mo yàn láti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, nítorí n kò mọ ẹlòmíì tí ìbéèrè tó gbé wọ kíláàsì so èso tó tirẹ̀.

Ìbéèrè náà nìyí: kí ló ń mú kí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe gbogbo ohun tó tọ́ ṣubú? Nítòsí Boston níbẹ̀, ilé-iṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Digital Equipment Corporation. Kọ̀ǹpútà tí kò tóbi tó ti àtijọ́, tí kò sì kéré tó ti orí tábìlì, ló ń ṣe, ó sì ṣe é dé góńgó. Ìwé ìròyìn ń yìn ín, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń fi í kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí kọ̀ǹpútà orí tábìlì wá gba ọjà, ilé-iṣẹ́ náà kò rí ọ̀nà gbà, ẹnu tó ń yin àwọn ọ̀gá rẹ̀ sì yí padà, wọ́n ní aláìríran ni wọ́n. Èyí kò wọ Christensen létí. Ṣé àwọn èèyàn kan náà ló gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ lánàá, tí wọ́n wá gọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lónìí? Òun náà ti ṣe ọ̀gá rí, ó mọ̀ pé iṣẹ́ náà kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ó gbà pé nǹkan mìíràn ló wà nídìí rẹ̀.

Níbo wá ni èèyàn á ti rí ilé-iṣẹ́ tó pọ̀, tí wọ́n ń yára dìde, tí wọ́n sì ń yára ṣubú, débi tí a fi lè kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan? Ọ̀rẹ́ kan ló tọ́ ọ sọ́nà. Ó ní àwọn tó ń wádìí bí ìwà àti ìrísí ṣe ń ti ara òbí wọ ara ọmọ kì í fi èèyàn bẹ̀rẹ̀, torí ìran èèyàn kan á gba ọgbọ̀n ọdún. Kòkòrò kékeré tó máa ń rà lórí èso ni wọ́n ń lò, torí kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń bímọ, kì í sì í pẹ́ tí wọ́n fi ń kú. Nínú okòwò, ó ní, àwọn tó ń ṣe hard disk, ìyẹn àwo tí kọ̀ǹpútà ń kó ọ̀rọ̀ pamọ́ sí, ló sún mọ́ kòkòrò náà jù lọ. Ìmọ̀ràn olówó iyebíye ni. Àpilẹ̀kọ púpọ̀ ló ti rì nítorí pé ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ lọ wo kò lè dáhùn ohun tó ń béèrè, bó ti wù kí ìbéèrè náà dára tó.

Lóòótọ́, kò sí ọjà tó yí padà bíi tàwọn àwo wọ̀nyí. Èyí tí IBM kọ́kọ́ gbé jáde lọ́dún 1956 ní àádọ́ta àwo tí fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan tó íǹṣì 24, gbogbo rẹ̀ kò sì kó ju mẹ́gábáìtì márùn-ún lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ti íǹṣì 14 dé, lẹ́yìn náà ti 8, ti 5.25, ti 3.5. Christensen kó dátà jọ nípa àwo tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbé jáde láti 1975: bó ṣe tóbi tó, ohun tó lè kó, ọdún tó dé ọjà, ẹni tó ṣe é. Ó wá lọ bá àwọn tó wà níbẹ̀ nígbà náà, ó bi wọ́n bí ìpinnu ṣe wáyé.

Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀. Christensen ti ní ìdáhùn lọ́kàn kó tó bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá èyíkéyìí ṣe máa ń ní. Ó rò pé ìmọ̀ ẹ̀rọ ló ń yára jù, tí ẹsẹ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kò lè bá a. Èrò tó mọ́gbọ́n dání ni. Ọ̀pọ̀ wa á gbà á láìjanpata. Dátà tó fọwọ́ ara rẹ̀ kó jọ ló já a nírọ́. Bí ìmọ̀ tuntun bá máa mú kí àwo tí àwọn oníbàárà ti ń rà dára sí i, bó ti wù kó le tó, bó ti wù kó gba ọdún àti owó tó, àwọn ilé-iṣẹ́ àgbà ló ń ṣáájú nídìí rẹ̀. Ohun tó ń wó wọn lulẹ̀ rọrùn ju ìyẹn lọ. Àwo kékeré ni, tí wọ́n fi ẹ̀yà tó ti wà nílẹ̀ tò pọ̀, tí agbára rẹ̀ kò tó ti àtijọ́, tí àwọn oníbàárà gidi kò sì fẹ́. Nígbà tí àwo íǹṣì 8 jáde, kò lè kó ju nǹkan bí mẹ́gábáìtì 40 lọ, ẹni tó ń ṣe kọ̀ǹpútà ńlá sì ń béèrè 300 sí 400. Nínú àwọn tó ń ṣe ti íǹṣì 14, ìdá méjì nínú mẹ́ta kò ṣe ti íǹṣì 8 rárá. Ìdá kan tó kù ṣe é, ṣùgbọ́n wọ́n fi bí ọdún méjì pẹ́. Nígbẹ̀yìn, kò sí ọ̀kan tó ṣẹ́ kù sídìí òwò náà nínú gbogbo wọn.

Ìtàn Seagate ló jọ mí lójú jù. Lọ́dún 1980, ilé-iṣẹ́ tuntun ni, àwo íǹṣì 5.25 ló fi wọ ọjà. Lọ́dún 1985, àwọn ẹnjiníà rẹ̀ ti ṣe àpẹẹrẹ àwo íǹṣì 3.5. Àwọn tó ń polówó ọjà gbé e lọ fún àwọn oníbàárà wò, ìyẹn àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́, mẹ́gábáìtì 40 sí 60 làwọn ń wá. Àwọn ọ̀gá ṣírò rẹ̀, wọ́n rí i pé èrè kò sí níbẹ̀, wọ́n pa á tì. Finis Conner, tó wà lára àwọn tó dá Seagate sílẹ̀, ti kúrò níbẹ̀; ó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà Compaq sì ń ra àwo íǹṣì 3.5 lọ́wọ́ rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà tó ṣeé gbé kiri. Ìgbà tó di 1988 ni Seagate tó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Ẹ wò ó dáadáa, kò sẹ́ni tó sùn, kò sẹ́ni tó gbéra ga. Wọ́n tẹ́tí sí oníbàárà, wọ́n sì ṣírò owó bó ṣe yẹ, ohun tí wọ́n kọ́ gbogbo wọn nílé-ẹ̀kọ́ okòwò nìyẹn. Ìṣe rere yẹn gan-an ló dí wọn lójú. Ó gba ẹni tó ti jókòó sórí àga náà rí kó tó lè wo àwọn ọ̀gá wọ̀nyí láìfi wọ́n ṣẹ̀sín, ó sì gba ọ̀wọ́ dátà gígùn kí ojú àánú yẹn tó di ìmọ̀.

Christensen gboyè lọ́dún 1992, ẹni ogójì ọdún. Lọ́dún 1995 òun àti Joseph Bower, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Harvard, jọ kọ àròkọ kan sínú Harvard Business Review, lọ́dún 1997 ìwé The Innovator's Dilemma jáde. Kí ìwé náà tó jáde, Andy Grove, tó jẹ́ ọ̀gá Intel nígbà náà, ti ní kó wá sọ ohun tí ìwádìí náà túmọ̀ sí fún ilé-iṣẹ́ àwọn. Christensen kò dáhùn tààrà. Ó ní kó jẹ́ kí òun sọ bí àwọn ilé-iṣẹ́ irin kéékèèké ṣe fi irin olówó pọ́ọ́kú tí àwọn kọ́lékọ́lé ń lò bẹ̀rẹ̀, tí inú àwọn ńlá sì dùn láti fi í sílẹ̀ fún wọn, títí wọ́n fi gòkè wá bá wọn. Bó ṣe sọ ọ́ tán, Grove fúnra rẹ̀ ti rí ibi tó kan Intel. Lọ́dún 1998, Intel gbé ọpọlọ kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Celeron jáde fún kọ̀ǹpútà olówó pọ́ọ́kú. Mo fẹ́ràn bí ọ̀mọ̀wé náà ṣe ṣọ́ra níbẹ̀: kò ṣe bí ẹni tó mọ òwò Intel ju Grove lọ.

Wọ́n ta ko Christensen o. Lọ́dún 2014, Jill Lepore, ọ̀jọ̀gbọ́n ìtàn ní Harvard kan náà, kọ àròkọ gígùn tó fi tú iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ó tọ́ka sí Seagate pé kò kú. Òótọ́ ni, Seagate ló ra ilé-iṣẹ́ Conner lọ́dún 1996. Mi ò rò pé èyí sọ ìwádìí náà dòfo, ṣùgbọ́n inú mi dùn pé ó wáyé. Ẹni tó bá kọ àpilẹ̀kọ ti to ẹ̀rí rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí ẹlòmíì ti lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Iṣẹ́ náà kàn wá nílé pẹ̀lú. Ọmọ Nàìjíríà kan, Efosa Ojomo, ti kówó jọ láti gbẹ́ kànga fáwọn ará abúlé, àwọn kànga náà sì ń bà jẹ́ kó tó di pé ó wọ kíláàsì Christensen ní Harvard. Òun, Christensen àti Karen Dillon ló jọ kọ The Prosperity Paradox, tó jáde lọ́dún 2019, ọdún kan kí Christensen tó kú. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa ilé-iṣẹ́ Tolaram, tó gbé Indomie wọ Nàìjíríà lọ́dún 1988, nígbà ìjọba ológun, tí ọ̀pọ̀ ilé kò tíì mọ nudulu. Ilé-iṣẹ́ náà ń pèsè iná fúnra rẹ̀, ó ń tọ́jú omi fúnra rẹ̀, ó ń fi ọkọ̀ ara rẹ̀ kó ọjà kiri, ó sì sọ oúnjẹ àjèjì di ohun tí ọmọdé ń sunkún béèrè.

Àwọn ọ̀gá kan ní Èkó àti Ìbàdàn ń forúkọ sílẹ̀ fún DBA báyìí, mo sì máa ń ronú lórí ìbéèrè tí wọ́n máa gbé wọlé. Ọ̀kan wà tí mo ń retí. Ní Ṣómólú, ilé ìtẹ̀wé pọ̀ lọ jàra, wọ́n fara kọ́ra láti òpópónà kan dé òmíràn. Àwọn kan kú pẹ̀lú ẹni tó dá wọn sílẹ̀, tí àwọn ọmọ ta ẹ̀rọ. Àwọn kan wà lọ́wọ́ ọmọ dòní, wọ́n sì ń gbòòrò. Kí ló yà wọ́n? A máa ń sọ pé ọmọ kò gbọ́n, tàbí pé bàbá kò kọ́ ọ, bí àwọn oníwèé ìròyìn ṣe ń sọ nípa àwọn ọ̀gá tó ṣubú ní Boston. Ẹni tó ti tẹ̀wé rí, tó mọ bí ìwé àti tádàwà ṣe ń jẹ owó mọ́ni lọ́wọ́, lè máa lọ láti ilé dé ilé, kó kọ ọdún tí wọ́n dá a sílẹ̀, ẹni tó jogún rẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n rà, iṣẹ́ tí wọ́n kọ̀ àti ìdí tí wọ́n fi kọ̀ ọ́. Bí ó bá ṣe é tán, màá ka àpilẹ̀kọ náà láti ojú ewé kìíní dé ìkẹyìn.