Ta Ni Ìbátan Yorùbá?

Ìwé kan wà tí àwọn tó fẹ́ràn ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ wa kì í yé dárúkọ: The Religion of the Yorubas, tí Àlùfáà J. Olumide Lucas kọ ní 1948. Iṣẹ́ ńlá ni, ọ̀rọ̀ òrìṣà tó kó jọ níbẹ̀ sì tó kà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tí n kò lè gbé mì: ó ní láti Íjíbítì àtijọ́ ni púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wa ti wá.

Báwo ló ṣe mọ̀? Ó mú ọ̀rọ̀ tiwa, ó mú ti Íjíbítì tí ìró rẹ̀ fara jọ ọ́, ó ní ọmọ ìyá ni wọ́n. Ẹ gbà mí! Ṣé gbogbo ẹni tó bá jọra lójú títì ló bá ara wọn tan? Ẹ wo àlùbọ́sà: èdè Lárúbáwá ló ti ṣẹ̀, Haúsá ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Ọjà ló kó o wá, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí èèyàn kì í sábà yá ló yẹ ká yẹ̀ wò, bí ònkà kéékèèké. Àwa ní ẹ̀ta, Ìgalà ní ẹ̀ta, Ẹ̀dó ní eha, Ìgbò ní atọ, Swahili lọ́hùn-ún ní tatu. Haúsá ní uku. Ó tán! Tó bá wá kan ẹ̀rin, fdw ni ará Íjíbítì kọ sílẹ̀; Haúsá ń pè é ní huɗu tàbí fuɗu. Ta wá ni ìbátan Íjíbítì nínú wa?

Nínú The Languages of Africa (1963), Joseph Greenberg ará Amẹ́ríkà fi Haúsá àti Íjíbítì sínú agbo ilé kan, ó fi Yorùbá, Ìgbò, Ẹ̀dó, Núpé àti Swahili sí òmíràn, Kànúrí sì bọ́ sí ẹ̀kẹta. Àwọn onímọ̀ ti tún ẹ̀ka inú rẹ̀ pín, ṣùgbọ́n agbo ilé tó fi Yorùbá sí kò yẹ̀.

Èdè tó lé ní 500 ló wà ní Nàìjíríà. Ohun tó ń dùn mí ni pé bí a ti ń wá ẹ̀gbọ́n kiri etí odò Náílì, bẹ́ẹ̀ la ń pe ọmọ Ìgalà tó wà nítòsí ní àlejò. Ọlá wo ló wà nínú ìyẹn? Bí ẹ bá rí ará Ìdá ládùúgbò yín, ẹ ní kó ka èjì àti ẹ̀ta fún yín.