Ojú Àlejò, Ojú Onílé: Lámèyítọ́ Inú Ìwé Ìròyìn Ọjọ́ Ìsinmi

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bí a bá fi òwe yìí wo ohun tí àwọn lámèyítọ́ kọ nípa ìwé Amos Tutùọlá, a ó rí i pé òótọ́ ni òwe náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́.

Ní 1952 ni ilé-iṣẹ́ Faber and Faber ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ The Palm-Wine Drinkard jáde. Ọmọ Abẹ́òkúta ni òǹkọ̀wé náà. Kò kàwé púpọ̀, iṣẹ́ ìránṣẹ́ ni ó sì ń ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó. Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún náà, Dylan Thomas, akéwì ará Wales, yẹ ìwé yìí wò nínú The Observer, ìwé ìròyìn tí ó máa ń jáde ní ọjọ́ Ìsinmi. Ó ní ìtàn náà kúrú, ó kún fọ́fọ́, ó ń bani lẹ́rù, ó sì ń fani mọ́ra bí oògùn. Ó pe èdè rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì tí kò tíì gbó. Ìyìn yìí wà lára ohun tí ó sọ Tutùọlá di olókìkí ní òkè òkun.

Kí ni àlejò yìí rí? Ó rí agbára àròsọ. Kí ni kò lè rí? Arẹwà ọkùnrin tí ó yá ẹ̀yà ara lọ sí ọjà, tí ó ń dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi ku orí nìkan, àlọ́ tí ọmọ Yorùbá ti gbọ́ lẹ́sẹ̀ ìyá àgbà ni. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà ti jáde láti 1938, ṣùgbọ́n ọdún 1968 ni ìtumọ̀ Wọlé Ṣóyínká sí Gẹ̀ẹ́sì tó dé. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá kò lè fi ọ̀kan wé èkejì. Gẹ̀ẹ́sì tí ó ní kò tíì gbó, àgbà Yorùbá ni ó wọ aṣọ àlejò.

Onílé náà kò dákẹ́. Ní 1954, ọmọ Nàìjíríà kan kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ West Africa. Ó bu ẹnu àtẹ́ lu èdè ìwé náà, ó sì ní ọ̀pọ̀ ìtàn inú rẹ̀ ni Tutùọlá yá lọ́wọ́ Fágúnwà. Ojú onílé ríran: ó mọ orísun. Ṣùgbọ́n mímọ orísun odò kò túmọ̀ sí pé a ti wọn jíjìn rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó dá ni àlọ́. Ọ̀nà tí apàlọ́ gbà pa á ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Fágúnwà a máa dá ìtàn dúró kí ó lè kọ́ni ní ìwà rere. Ọ̀mùtí Tutùọlá kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró, ìrìn ni ó ń rìn, ó ń wá adẹ́mu rẹ̀ tí ó ti kú. Irú ìyàtọ̀ yìí ni ó yẹ kí lámèyítọ́ tú palẹ̀.

Ní 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ ìtàn yìí di eré orí ìtàgé ní Ìbàdàn, ní èdè Yorùbá. Ohun tí ìwé ìròyìn Lọ́ńdọ̀nù gbé gẹ̀gẹ̀ padà wálé, ó di orin àti ìjó láàárín àwọn tí ó ni ín.

Àyè kékeré ni ìwé ìròyìn ń fún lámèyítọ́, kò sì tó láti dá ẹjọ́ tán. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ ìwé. Bí àwọn tí ó gbọ́ èdè kò bá kọ, àwọn tí kò gbọ́ ọ yóò kọ. Nítorí náà, olùkọ́ Yorùbá gbọdọ̀ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti ka ìwé já, kí ó sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, kí ó sì tọ́ka sí ẹ̀rí, kí ó tó yìn ín tàbí kí ó tó bù ú. Ìyìn àlejò dùn létí, ṣùgbọ́n ilé la ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde.