Lẹ́tà Kan Nínú Egungun Ọba Rọ́ṣíà

Ní 1991, wọ́n hú egungun èèyàn mẹ́sàn-án nítòsí Yekaterinburg ní Rọ́ṣíà. Ṣé ti Ọba Nicholas Kejì àti ìdílé rẹ̀, tí wọ́n yìnbọn pa ní 1918, ni? Peter Gill àti Pavel Ivanov gbé ìbéèrè náà wọ yàrá àyẹ̀wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

DNA kan wà tó jẹ́ pé ìyá nìkan ló ń fún ọmọ. Wọ́n fi ti ọba wé ti àwọn ìbátan rẹ̀ níhà ìyá. Gbogbo rẹ̀ bára mu, àfi ojú kan: lẹ́tà DNA tí wọ́n ń pè ní C àti T jọ wà nínú egungun ọba, T nìkan ló wà lára àwọn ìbátan. Iyèméjì dé.

Níbí ni iṣẹ́ náà ti wuni jù. Àwọn amòye yìí mọ̀ pé DNA a máa yí padà láti ìran dé ìran, wọn ò sì kánjú dájọ́. Ní 1994, wọ́n hú òkú Georgij, àbúrò ọba, ọmọ ìyá rẹ̀, tó kú ní 1899.

C àti T jọ wà lára tirẹ̀ náà!

Ìyàtọ̀ tó fa iyèméjì wá di ẹ̀rí tó lágbára. Irú sùúrù bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń lò nínú àyẹ̀wò DNA láti mọ bàbá ọmọ: títí dòní, ayẹ̀díwò tó mọṣẹ́ kì í torí àmì kan ṣoṣo tí kò bára mu sọ pé ọkùnrin kan kọ́ ni bàbá ọmọ. Á yẹ àwọn àmì mìíràn wò, á sì ṣírò bí ìyípadà ṣe máa ń wáyé sí.