Fíìmù *Music Is the Weapon* àti Fẹlá Akọrin: Ohun tí a rí àti ohun tí a kò rí

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ní sáà tí ó kọjá, a kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ Yorùbá ní kíláàsì àṣekágbá jọ sí iyàrá kan ní ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Ìràwọ̀, a tan jẹnẹrétọ̀, a sì fi fíìmù *Music Is the Weapon* hàn wọ́n. Jean-Jacques Flori àti Stéphane Tchal-Gadjieff ni wọ́n ṣe fíìmù náà lórí Fẹlá Aníkúlápó Kútì. Ọdún 1982 ni ó jáde, kò sì gùn tó wákàtí kan. Kí a má fi ohunkóhun pamọ́, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa kan kọ̀ jálẹ̀, kò bá wa jókòó. Ó ní igbó mímu àti ìyàwó mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kì í ṣe ẹ̀kọ́ ọmọdé. A gbà pẹ̀lú rẹ̀ dé àyè kan, a sì fo ibì kan tàbí méjì níbẹ̀.

Bí a bá wo fíìmù náà gẹ́gẹ́ bí ìròyìn nípa ajàjàgbara, iṣẹ́ rere ni. A rí Èkó bí ó ti rí nígbà náà, a rí Ṣíráìnì lóru, pẹ̀lú òógùn àti ijó rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan 18 oṣù Fẹ́búárì 1977, ọjọ́ tí àwọn sọ́jà dáná sun ilé Fẹlá tí wọ́n sì ju ìyá rẹ̀ láti ojú fèrèsé, gbogbo iyàrá pa rọ́rọ́. Ní ọdún 1978 ni màmá náà kú. Kò sí ìwé ìtàn tí a ti lò rí ní kíláàsì tí ó mú kí àwọn ọmọ wọ̀nyí dákẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n níbo ni olórin wà? Ẹjọ́ tí a bá fíìmù yìí ṣe nìyí. Ẹni tí ó lọ kọ́ṣẹ́ orin ní Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1958, tí ó padà wálé, tí ó ń po jáàsì mọ́ háílàìfù fún ọdún púpọ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tó ba ohun tí ó ń wá, òun ni a fẹ́ rí lẹ́nu iṣẹ́. Orin Fẹlá lè gba ogún ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí kan sì wà tí ó fi gùn. Gìtá kan yóò máa sọ ọ̀rọ̀ kan náà láìyẹsẹ̀, bí omele ti ń ṣe lábẹ́ ìyáàlù. Òmíràn yóò máa dá a lóhùn. Fèrè yóò wọlé, yóò jáde, kí ẹnu ènìyàn tó là rárá. Ẹni tí ó bá ti dúró ti àwọn onídùndún nígbà tí eégún ń jó yóò mọ irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a bá já orin náà sí wẹ́wẹ́ fún kò lè mọ̀ ọ́n, wẹ́wẹ́ ni fíìmù yìí sì já a sí. Tony Allen, onílù tí ó bá a fi ìdí orin náà múlẹ̀, ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó ya fíìmù náà, nítorí náà a kò lè di ìyẹn rù wọ́n.

Nígbà tí ó parí, ọmọbìnrin kan na ọwọ́ sókè. "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọmọ Yorùbá ni wọ́n lóòótọ́?"

A kò lè bá a wí. Gẹ̀ẹ́sì ni Fẹlá ń sọ fún àwọn tí ó wá yà á. Àdàmọ̀dì Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń kọrin, kí ará Àkúrá àti ará Monrofíà lè gbọ́, a kò sì rí àléébù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n akọ́mọlédè ni wá. Ọmọ-ọmọ Àlùfáà Josiah Ransome-Kútì ni, ẹni tí ó kọ orin ìjọ Yorùbá sínú àwo Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1922. Bàbá tí ó bí i ni ààrẹ àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ àwa olùkọ́, NUT, ní ọdún 1931. Àkọlé *Water No Get Enemy* (1975) pàápàá, òwe wa ni ó wọ aṣọ àlejò: omi kò ní ọ̀tá.

Ni a bá wá *Alu Jon Jonki Jon* jáde láti inú àwo *Afrodisiac* (1973), a fi fóònù lù ú. Àlọ́ Ajá ni, ẹni tí ó fi ìyá rẹ̀ pamọ́ sí ọ̀run nígbà ìyàn. Kí ègbè tó yí po lẹ́ẹ̀kejì, àwọn ọmọ ti ń gbè é. Ibẹ̀ ni a ti fi hàn wọ́n bí ohùn orin ti ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀, a sì ní kí wọ́n fi í wé àwọn orin ìjọ tí a túmọ̀ sí ohùn òyìnbó, níbi tí ọkọ ti lè di ọkọ́ lẹ́nu akọrin. Ẹ̀kọ́ àmì ohùn tí a ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ó yé wọn.

Ẹlẹgbẹ́ wa tí kò bá wa jókòó ti wá dúró sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọmọ kò fohùn ṣọ̀kan lórí ẹni tí ó gé okùn tí Ìjàpá fi já bọ́. Òun náà dá sí i: ó ní bí ìyá òun ti ń pa á, ìyá Ajá fúnra rẹ̀ ni. Orí àríyànjiyàn yìí ni a wà tí epo jẹnẹrétọ̀ fi tán.