Ìyá Rẹ, Ìyà Rẹ̀: Ohun tí Mo Gbọ́ ní Ọ̀kà ní Ọjọ́ Ẹtì Rere

Ẹni tó bá jókòó sí kíláàsì mi rí á rántí pé n kì í gbà kí ènìyàn sọ pé orin ṣọ́ọ̀ṣì ń ba ohùn Yorùbá jẹ́, kó sì dákẹ́ síbẹ̀. Orin wo? Ibo ló ti bà á jẹ́? Sílébù wo? Ọ̀rọ̀ náà tún ká mi mọ́ ní Ọ̀kà ní Ọjọ́ Ẹtì Rere tó kọjá, ẹnu ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mo sì ti gbọ́ ọ.

Ìkàrẹ́ ni wọ́n bí mi sí, nínú ilé Áńgílíkà. Ọ̀kà ni ìyàwó mi ti wá, ọmọ Ìjọ Àgùdà paraku sì ni. Nítorí náà, bí Ọdún Àjíǹde bá ti dé, a ó gba Àkùngbá kọjá lọ sí ìjọ tiwọn. N kò ní dárúkọ ìjọ náà, torí mo ṣì fẹ́ kí wọ́n fún mi ní àga lọ́dún tó ń bọ̀.

Láti ìgbà tí wọ́n bá ti kọ Gloria ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ Mímọ́ títí di Gloria òru Àjíǹde, òfin ìsìn wọn ni pé kí dùùrù má dún àfi bó bá jẹ́ láti gbé orin ró. Ìjọ yìí pa tiwọn pátápátá. Ọmọkùnrin tó máa ń tẹ kíbọọ̀dù káwọ́ gbera bí ẹni tí wọ́n gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Akọrin mẹ́ta wá jáde láti kọ Ìtàn Ìjìyà Olúwa gẹ́gẹ́ bí Jòhánù ti kọ ọ́ ní orí 18 àti 19. Ẹnì kan jẹ́ asọ̀tàn, ohùn àárín ni tirẹ̀. Ẹnì kejì gba ọ̀rọ̀ Jésù, ohùn ìsàlẹ̀. Ẹnì kẹta gba ti Pétérù, ti Pílátù àti ti èrò tó ń pariwo, ohùn òkè. Bí wọ́n ti máa ń pín in láti ayé àtijọ́ nìyẹn.

Onímọ̀ èdè Yorùbá wo ni kò ní rẹ́rìn-ín músẹ́? Dò, re, mí! Àmọ́ Yorùbá ń fi ohùn mẹ́ta ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ sí òmíràn. Orin yìí ń fi ya ẹnì kan sọ́tọ̀ sí ẹnì kejì. Dò-re-mí tí mo fi kọ́ yín ní àmì ohùn pàápàá, ọ̀dọ̀ àwọn akọrin yìí kan náà ló ti wá. Guido ará Arezzo, ajẹ́jẹ̀ẹ́-ìsìn ará Ítálì kan, ló ṣètò rẹ̀ ní nǹkan bí 1,000 ọdún sẹ́yìn kí àwọn ọmọ akọrin lè tètè mọ orin. A ti jẹ gbèsè lọ́wọ́ wọn tipẹ́.

Orin Gregory ni wọ́n ń pè é, nítorí Póòpù Gregory tó kú ní 604, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́yìn ikú rẹ̀, láàrin àwọn Faransé àtijọ́, ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti gba àwọ̀ tí a mọ̀ ọ́n sí. Kò sí ìlù, kò sí dùùrù, kò sí ẹni tó ń kọ tẹnọ̀ tàbí báàsì. Ohùn orin kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń tọ̀, ọ̀rọ̀ ló sì ń fa orin lọ́wọ́. Àpérò Fatikáánì ní 1963 ní kó ní ipò àkọ́kọ́ nínú ìsìn Látìn, àpérò kan náà ló sì ṣílẹ̀kùn fún èdè ìbílẹ̀. Ní Àkókó, ọ̀rọ̀ ló yí padà sí Yorùbá. Ìjọ púpọ̀ fi ohùn orin sílẹ̀ bó ti wà. (Ní àwọn ìlú wa bí Àrìgìdì, tí èdè ilé wọn kì í ṣe Yorùbá gan-an, kíkọ́ ni wọ́n kọ́ Yorùbá ṣọ́ọ̀ṣì náà bí wọ́n ti kọ́ Látìn. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.)

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ yin ẹni tó yẹ. Asọ̀tàn ọjọ́ yẹn mọ iṣẹ́. Kò sáré. Nígbà tó dé ibi tí Pétérù ti ń yáná, ó rọra débi pé mo gbọ́ tí ẹnì kan lẹ́yìn mi mí kanlẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni kò mọ ìwọ̀n: ó rò pé ohùn òkè túmọ̀ sí igbe, ohùn rẹ̀ sì ń gun òkè lọ títí asọ̀tàn kò fi mọ ibi tí òun máa dúró sí mọ́. Bí dùùrù kò bá sí, etí ẹnì kejì ni dùùrù rẹ.

A wá dé orí 19, ẹsẹ 27, níbi tí Olúwa ti fi Màríà lé ọmọ-ẹ̀yìn tó fẹ́ràn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà ní ìparí rẹ̀: ìyá rẹ. Akọrin náà rọra mú un sọ̀ kalẹ̀, dò dò dò. Ọmọ-ọmọ mi fà mí láṣọ: "Bàbá àgbà, ìyà ta ni?"

Ìyá rẹ ti di ìyà rẹ̀. Sílébù méjì ló yí, ìyá sì ti di ìyà, ọmọ-ẹ̀yìn tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ náà sì ti pòórá. Fadá tí mo sọ ọ́ fún lẹ́yìn ìsìn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìyà kò kúkú jìnnà sí ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà. Òótọ́ ni, wàhálà ibẹ̀ sì nìyẹn: àṣìṣe tó bá ọjọ́ mu kì í ta ẹnikẹ́ni létí. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń kú lọ tó ń wá ẹni tí yóò máa tọ́jú ìyá rẹ̀, ta ni kò yé nílẹ̀ yìí? Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni orin gbé mì.

Ẹ fetí sílẹ̀ o, n kò sọ pé orin Gregory kò dára fún Yorùbá. Ẹkúndayọ̀ Phillips, tó ṣe olórí olórin ní Kàtídírà Kristi ní Marina l'Ékòó láti 1914 dé 1962, tẹ ìwé kan jáde lórí orin Yorùbá ní 1953, ó sì fi orin wa wé irú orin yìí. Mo gba tirẹ̀ dé ìdajì. Ẹ wò ó bó ti ń ṣiṣẹ́: akọrin á dúró lórí ohùn kan, á ka ọ̀rọ̀ púpọ̀ lé e lórí, ẹ jẹ́ ká pe ìyẹn ní ohùn ìdúró. Bó bá kù díẹ̀ kí gbólóhùn parí, ohùn á yí lọ yí bọ̀ kó tó sinmi. Ẹ jẹ́ ká pe ìyẹn ní ìsinmi. Lórí ohùn ìdúró, àmì ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sọ pé ibẹ̀ ló ti bà jẹ́. Èmi kò gbà. Ohùn ìdúró kò sọ pé ìyá ni, kò sì sọ pé ìyà ni. Ó dákẹ́, etí olùgbọ́ á sì fi ọ̀rọ̀ tó yí i ká mọ̀ ọ́n. Ọmọ-ọmọ mi kò béèrè nǹkan kan ní gbogbo ibi tí ohùn ti dúró sójú kan. Orin hímù tí a ń kọ ní Ìkàrẹ́ ló ń purọ́ ní sílébù kọ̀ọ̀kan, a sì ti mọ́ ọn lára débi pé a kì í gbọ́ irọ́ náà mọ́. Nínú orin Gregory, ìsinmi nìkan ni ewu wà. Gbólóhùn gígùn lè fara dà á. Gbólóhùn kúkúrú kò lè ṣe é, ìsinmi á jẹ ẹ́ tán.

Àwọn tó ní ká má fọwọ́ kan ohùn orin nítorí pé ó jẹ́ ti àtijọ́, ṣé wọ́n ti wo ti àtijọ́ náà dáadáa? Ohùn Sáàmù Látìn mẹ́jọ ló wà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní ìparí bíi mélòó kan tí akọrin lè ṣà nínú wọn. Ibi tí Látìn bá ti tẹnu mọ́ sílébù, ìsinmi máa ń yẹ̀ fún un. Wọ́n gbọ́ ti Látìn. Ohun tí mo ń bèèrè ni kí wọ́n gbọ́ ti Yorùbá náà: ìsinmi tó sọ̀ kalẹ̀ fún ẹ̀jẹ̀, kó má di ẹ̀jẹ́, òmíràn tó gòkè fún ìyá. Onírárà àti oníjálá ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìronú. Ẹ gbọ́ wọn: ohùn wọn kì í rìn jìnnà, síbẹ̀ òkè wà lókè, ìsàlẹ̀ wà nísàlẹ̀.

Ọ̀gá akọrin ìjọ náà mọ sol-fa dáadáa. Ó ní kí n kọ ohun tí mo ń wí sílẹ̀, mo sì kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ìsìn: dò, mí, re. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lábẹ́ igi máńgòrò, ó mi orí, ó ní kò tíì dún bí Ọjọ́ Ẹtì Rere létí òun. Mo ní kó jẹ́ ká tún un kọ.