Ṣé Kúrunmí Ni Akọni Ìṣẹ̀ṣe?

Nígbà tí a ka eré Kurunmi tí Ọlá Rótìmí kọ, nínú ilé kan níhìn-ín ní Houston, àríyànjiyàn gbòde. Àwọn ọ̀dọ́ wa ní Kúrunmí ni akọni ìṣẹ̀ṣe, torí ó kú kàkà kí wọ́n ba àṣà jẹ́ lójú rẹ̀. Mo mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi dùn mọ́ wọn. Ẹni tó ń bọ Ògún nílùú àjèjì, tí wọ́n ń fi orúkọ burúkú pe òrìṣà rẹ̀, yóò fẹ́ràn àgbà tó kọ̀ jálẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rò pé a ṣi eré náà kà, Rótìmí fúnra rẹ̀ sì lọ́wọ́ sí i.

Àṣà Ọ̀yọ́ ni pé kí Àrẹ̀mọ bá Aláàfin kú. Kí Àtìbà tó wàjà ní 1859, ó ti ṣètò pé Adélù, Àrẹ̀mọ rẹ̀, ni yóò jọba. Ìbàdàn gbà. Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ní Ìjàyè, kò gbà. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ó pàdánù ọmọkùnrin márùn-ún, òun náà kú ní 1861, Ìjàyè sì fọ́ ní 1862.

Rótìmí kó òwe sí Kúrunmí lẹ́nu débi pé, bó ṣe ń sọ̀rọ̀, a máa ń gbàgbé pé ìyàn ti mú nínú ìlú. Èmi ìbá fẹ́ gbọ́ púpọ̀ sí i lẹ́nu àwọn ìyá tó ń wá èlùbọ́ kiri. Àṣà ló ń gbèjà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ló bi léèrè? Ọwọ́ ẹnì kan ni àṣẹ Ìjàyè wà. Nígbà tí ọwọ́ náà rọ, kò sí òmíràn. Jagunjagun ni àwọn ará Ìbàdàn náà, wọn ò sì ṣàánú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n wọ́n sọ oyè ogun di àkàbà. Títí dòní, mọ́gàjí agboolé lè máa gùn ún díẹ̀díẹ̀, ní ìlà Ọ̀tún tàbí ní ìlà Balógun, títí yóò fi di Olúbàdàn. Àkàbà yẹn ló sọ wọ́n di ọmọ Ìbàdàn ju gbogbo ìlú tí wọ́n kó lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ibi tí a ń gbé. Orúkọ ọ̀gágun ni ìlú wa ń jẹ́. Sam Houston ṣẹ́gun Santa Anna ní San Jacinto ní 21 oṣù kẹrin 1836, nínú ìjà bí ìṣẹ́jú 18. Ọwọ̀n tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ ga ní ẹsẹ̀ bàtà 567, ìṣẹ́gun yẹn àti ilẹ̀ tó mú wá ni àkọlé rẹ̀ ń yìn. Ó wù mí kí wọ́n kọ́ òmíràn fún 1861, ọdún tí Kúrunmí kú. Ní oṣù kẹta ọdún náà, nígbà tí Texas ti ya kúrò lára Amẹ́ríkà torí kí wọ́n lè máa lo ẹrú lọ, Houston, tó jẹ́ gómìnà, kọ̀ láti búra fún ìjọba tuntun. Wọ́n yọ ọ́. Kò kógun ja ìlú, ó lọ sílé. (Èmi ò pè é lẹ́ni rere o, òun náà ní ẹrú.) Kúrunmí fi ìlú san gbèsè kíkọ̀ tirẹ̀, Houston fi oyè ara rẹ̀ san án. Àwa tí a máa ń fi irin Ògún búra, ó yẹ kí a mọ ìyàtọ̀ yẹn.

Síbẹ̀, ìwé òfin Texas ti 1836 kò fàyè gba ọmọ aláwọ̀ dúdú tó ti gbòmìnira láti gbé ibẹ̀ láìgba àṣẹ ìgbìmọ̀ aṣòfin. Àwọn tó là ọ̀nà fún irú wa ni àwọn tí ìròyìn òmìnira kàn ní Galveston ní 19 oṣù kẹfà 1865. Ní 1872 wọ́n dá $1,000 jọ, wọ́n ra ilẹ̀ tó di Emancipation Park, láti máa ṣe àjọ̀dún ọjọ́ náà. Wọn ò fi idà gbà á.

Bí àwọn ọ̀dọ́ wa bá máa ṣe eré Kurunmi, kí wọ́n fi ìran kan kún un: àwọn ará Ìjàyè tó di ẹrù lórí, tí wọ́n ń sá lọ sí Abẹ́òkúta. Kí àwọn ìyá sì ni ẹni tó máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.