Àgbákò Olójú 16: Ta Ló Yẹ Kó Dìbò Fún Un?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ bá mi dá ẹjọ́ kan. Ní ọjọ́ Sátidé kan tí kò tíì pẹ́, mo ti Ìkọ̀lé lọ sí Ọ̀yẹ́ láti wo ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kàwé ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 2011. Mo bá òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ 8 níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ṣe fọ́tókópì, wọ́n ń jiyàn bí ẹni fẹ́ jà. Mo kọ́kọ́ rò pé bọ́ọ̀lù ni. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù o. Ìwé ìtàn àròsọ ni, irú èyí tó kún fún iwin, òrìṣà àti idán. Wọ́n ń jiyàn lórí èyí tí àwòrán èèpo rẹ̀ dára jù, àti èyí tó yẹ kó gba ẹ̀bùn.

Inú mi dùn, n kò ní purọ́. Ta ló ní àwọn ọmọ ìwòyí kì í kàwé? Mo ní ó dáa, ẹ jẹ́ ká dìbò. A tọrọ ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo gbígbẹ lọ́wọ́ ìyá tó ń ta ọkà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ẹni kọ̀ọ̀kan gba hóró kan. Ìwé 3 ni wọ́n fi hàn mí lórí fóònù: Children of Blood and Bone tí Tomi Adeyemi kọ ní 2018, Rosewater tí Tade Thompson kọ, àti Shigidi and the Brass Head of Obalufon tí Wole Talabi gbé jáde ní 2023. Mo wá fa ẹ̀kẹrin yọ nínú báàgì mi, mo gbé e sórí bẹ́ǹṣì: Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Ìwé tèmi yìí kò ní èèpo mọ́. Ó ti ya látìgbà tí mo wà ní ilé-ìwé girama, bébà kàlẹ́ńdà ni mo fi bò ó.

Àbọ̀ ìdìbò rèé: Adeyemi 5, Talabi 3, Thompson 1. Fágúnwà kò rí hóró kan ṣoṣo.

Kí n tó bínú, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí irú ìdìbò yìí ṣe rí lọ́dọ̀ àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀bùn kan wà tí wọ́n ń pè ní Hugo, orúkọ Hugo Gernsback tó jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn ní Amẹ́ríkà ni wọ́n fi sọ ọ́. Ní 1953 ni wọ́n kọ́kọ́ pín in, ní ìlú Philadelphia, ní ọdún àkọ́kọ́ náà gan-an ni wọ́n sì ti fún àwọn tó ń ya àwòrán èèpo ní tiwọn. Kì í ṣe àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti ìlẹ̀kùn mọ́rí ló ń yan ẹni tó borí. Ẹnikẹ́ni tó bá ti san owó ẹgbẹ́ fún ìpàdé ọdún náà lè dìbò, ìbáà jẹ́ dókítà, ìbáà jẹ́ awakọ̀.

Ẹ má rò pé ibẹ̀ kò ní màgòmágó. Ní 2015, àwọn kan kó ara wọn jọ, wọ́n pín orúkọ kiri pé àwọn wọ̀nyí ni kí ẹ yàn. Àwọn tó kù fárí gá, wọ́n dìbò pé kò sẹ́ni tó yẹ, ní ìsọ̀rí 5. Ní 2023 tí ìpàdé náà bọ́ sí Chengdu ní Ṣáínà, wọ́n yọ àwọn kan kúrò láìsọ ìdí, Babel tí R. F. Kuang kọ sì wà lára wọn. Ìgbà tí àkọsílẹ̀ ìdìbò jáde ní 2024 ni ayé tó mọ̀. Ẹni tó bá ti dìbò rí ní Nàìjíríà kò ní ya ẹnu sí èyí.

Ìyẹn kò ní kí n sọ pé ìdìbò àwọn òǹkàwé kò dára. Ó ti ṣe wá lóore. Àwọn òǹkọ̀wé ilẹ̀ Áfíríkà náà ti dá tiwọn sílẹ̀, Nommo ni orúkọ rẹ̀, láti inú ìtàn àwọn Dogon ní ilẹ̀ Málì. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ń dìbò. Ní 2017 tí wọ́n kọ́kọ́ pín in, Rosewater ló gba ti ìwé ńlá. Ní 2019, ìwé yìí kan náà gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní ìlú ọba. Ní ọdún yẹn kan náà, ní Dublin, àwọn tó ń dìbò Hugo fún ìwé Adeyemi ní Lodestar, ẹ̀bùn ìwé àwọn ọ̀dọ́. Ọmọ wa ni gbogbo wọn, orí wọn kò ní burú.

Àwòrán náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Láti 1975, ẹ̀bùn World Fantasy jẹ́ ère orí H. P. Lovecraft, òǹkọ̀wé tó kórìíra aláwọ̀ dúdú tó sì kọ ọ́ sílẹ̀ kedere. Nnedi Okorafor, ọmọ Ígbò tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, gba ère yìí ní 2011, ó sì sọ ọ́ síta pé ọkàn òun kò balẹ̀. Ní 2015 ni wọ́n pa ère náà tì. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ọmọ Ọ̀yẹ́ ní àwọn dìbò fún ìwé Adeyemi nítorí pé ojú ọmọbìnrin dúdú ló wà lára èèpo rẹ̀, tó tóbi, tí kò fi ara pamọ́, ó yé mi. Àwọn tó dàgbà jù wọ́n lọ kò rí irú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ pẹ̀lú ìwé náà. Irun funfun tó wà lórí ọmọbìnrin yẹn jẹ́ àmì pé idán lè wà lára rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, a mọ ọmọ tó ń gbé àmì rẹ̀ wáyé lórí: Dàda ni. Irun tó ta kókó ni, kì í ṣe funfun. Èyí kékeré. Èyí tó dùn mí jù ni ti èdè. Nínú ìwé yẹn, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ná ẹja l'Ékòó, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń fẹ́ra, òun náà ni wọ́n fi ń bú ara wọn. Bí idán bá dé ni Yorùbá tó dé. Ó sọ èdè wa di ọfọ̀ lásán, bí aṣọ tó jẹ́ pé ọjọ́ ọdún nìkan la máa ń wọ̀ ọ́.

Fágúnwà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Láti 1938 tí Ògbójú Ọdẹ ti jáde, Yorùbá ni iwin rẹ̀ ń sọ, Yorùbá náà ni ọdẹ fi ń fèsì. Wọ́n ń fi ṣàwàdà, wọ́n ń fi wàásù, wọ́n ń fi halẹ̀ mọ́ra. Òun náà gba ẹ̀bùn, Margaret Wrong Prize, ní 1955. Ìgbà tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ ìwé náà sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, Bruce Onobrakpeya, ọmọ Urhobo, ló ya àwòrán inú rẹ̀. Ẹ wò ó, ẹni tí kì í ṣe Yorùbá jókòó ti iwin Yorùbá títí ó fi rí wọn. Èmi kò mọ àwòrán yẹn nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ìwé aláìléèpo ni mo kà, ojú 16 tó yí orí Àgbákò ká, èmi fúnra mi ni mo fi wọ́n síbẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, lóru, nínú òkùnkùn. Ní Èkìtì wa níbí, tí a bá gbọ́ 16, àwọn ọba ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Mo fi adé kéékèèké sórí gbogbo ojú yẹn. Ẹ máa rẹ́rìn-ín.

Mo ṣí ìwé náà, mo ka ibi tí Àgbákò ti pàdé Akàrà-ògùn fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ìyá ọlọ́kà dìde wá gbọ́. Oní-fọ́tókópì ní òun á ṣe ẹ̀dà 9 ní ẹ̀dínwó. Mo ní ó tì, ẹni tó kọ ọ́ fi ẹbí sílẹ̀, kí wọ́n rà á. Mo ní kí wọ́n tún dìbò. Mo rò pé mo ti borí.

Hóró 2 péré ló kúrò níbi tó wà.

Mo bínú wàyí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà, tó wá láti Ìdó, kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ má bínú. Tí ẹ bá ń kà á, ó dùn. Ṣùgbọ́n tí mo bá mú un sọ́wọ́, n kò lè kà á ju ojú ewé kan lọ. Wọn kò kọ́ wa ní àmì ohùn. Ṣé kí n dìbò fún ohun tí n kò lè kà ni?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Òótọ́ ló sọ. Ìdìbò tó sọ yẹn ló mọ́ jù nínú gbogbo èyí tí mo ti kà nípa rẹ̀: kò dìbò fún mi nítorí pé mo jẹ́ àgbà, kò sì dìbò nítorí pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kó ṣe é. Nílé mi ní Ìkọ̀lé, ọmọ 3 ló wà. Gbogbo wọn ló gbọ́ orúkọ Fágúnwà lẹ́nu mi. N kò ra ìwé rẹ̀ fún ọ̀kankan rí.

Àwọn tó ń ṣètò Hugo ní àṣà kan tó wù mí. Kí ìdìbò tó parí, wọ́n máa ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé tó wà nínú ìdíje ránṣẹ́ sí àwọn olùdìbò, kí wọ́n lè kà á ná. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀ tèmi. Mo ti ra ẹ̀dà 2 tuntun, tèèpotèèpo. Ọ̀kan wà nílé, à ń ka ojú ewé 2 lálaalẹ́, àbígbẹ̀yìn mi ló ń mú àmì ohùn. Èkejì ti wà lọ́wọ́ ọmọ Ìdó yẹn. Mo ní kó mú hóró àgbàdo rẹ̀ dání títí yóò fi kà á tán. Ibi tó bá wá jù ú sí, mo fara mọ́ ọn.